Ìkòkò méjì nílé Ìyá Ìbejì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Bí wọ́n bá pa òwe yìí níbòmíì, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ní Adó-Èkìtì, òfin ni. Ọkùnrin lè jẹ ìrẹsì láàárọ̀, kó jẹ dòdò lọ́sàn-án, kó tún fi gàrí panu nírọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò gbọ́ ìró odó, á ní òun ò tí ì jẹun lọ́jọ́ náà.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Ìbejì, káfíńtà kan ní Ajílòsùn. Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, ń ta ata àti tòmátì ní Ọjà Ọba. Ó lé lógún ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé, ariwo kì í sì í ti inú ilé wọn jáde, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wọn.

Ọgbẹ́ kékeré kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìṣó gún Bàbá Ìbejì lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ògógóró nù ún, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ọgbẹ́ ò jiná. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó tún ń ṣomi. Òùngbẹ ń gbẹ ọkùnrin náà tọ̀sán tòru, ó sì ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kílẹ̀ tó mọ́. Ìyá Ìbejì ò bá a jiyàn, ó wọ́ ọ lọ sílé ìwòsàn.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láàárọ̀ kó tó fẹnu kan nǹkan, ṣúgà inú rẹ̀ lé ní 200. Wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn, bákan náà ni. Nọ́ọ̀sì wá là á yé wọn pé ẹni tára rẹ̀ dá, tí kò tí ì jẹun láti alẹ́, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tó 100. Láti 100 dé 125, ìkìlọ̀ ni. Bó bá ti di 126 sókè lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ ti wọlé nìyẹn. Ẹ̀rọ mìíràn wà tó jẹ́ pé 7 ló máa kà níbi tí èyí ti ń ka 126, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Wọ́n wẹ ọgbẹ́ náà, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó dín iyán, ẹ̀bà àti ìrẹsì kù. Wọ́n ní kó dín in kù, wọn ò sọ èyí tó máa kù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti rí ọ̀nà wọlé.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì náà wà ní London. Bó ṣe gbọ́ ló pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màámi, ẹ má jẹ́ kí Dádì jẹ iyán mọ́ rárá. Páléò ni kí ẹ máa sè fún wọn."

"Pálọ̀ kẹ̀? Oúnjẹ inú pálọ̀ ni àbí ti inú yàrá?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín títí, ó wá ṣàlàyé pé oúnjẹ àwọn ará ayé àtijọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó fi òkúta ṣe ọ̀bẹ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ọkọ́ àti àdá.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àná. Lọ́dún 1985, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kan ní Amẹ́ríkà, S. Boyd Eaton àti Melvin Konner, kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oníṣègùn pé ara ọmọ aráyé ṣì jẹ́ ti àwọn baba ńlá tó ń dọdẹ, tó ń ṣa èso kiri igbó, pé oúnjẹ òde òní ni kò bá ara náà mu. Nígbà tó di 2002, Loren Cordain, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Colorado, tẹ ìwé tirẹ̀ jáde lórí ẹ̀, orúkọ náà sì tàn káyé. Òfin rẹ̀ ò le láti kà. Ohun tí ọdẹ lè pa àti ohun tí èèyàn lè já nínú igbó ni jíjẹ: ẹran, ẹja, ẹyin, ewébẹ̀ àti èso. Ohun tí àgbẹ̀ àti ilé iṣẹ́ ńlá mú dé ni èèwọ̀: ìrẹsì, àgbàdo, ọkà bàbà, búrẹ́dì, ẹ̀wà, ẹ̀pà, mílíìkì àti ṣúgà. Ní ti iṣu, àwọn tó ń jẹ ẹ́ fúnra wọn ò fẹnu kò lórí ẹ̀.

Kí wá ni ìyẹn já sí ní Adó? Ó já sí pé kò sí ògì láàárọ̀, kò sí àkàrà tí wọ́n máa fi mu ún. Kò sí mọ́ínmọ́ín, kò sí ẹ̀kọ, kò sí ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ tí gbogbo Èkìtì fi ń yangàn. Kódà irú, irú tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò, torí ẹbí ẹ̀wà ni igi irú. Ìyá Ìbejì ka gbogbo rẹ̀ lórí ìka, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó ku kí wọ́n ní kéèyàn má mí mọ́."

Àmọ́ ọkọ òun ni, ẹsẹ̀ ọkọ òun sì ni. Ó ti rí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ nítorí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í se ìkòkò méjì.

Ìkòkò kìíní ni ti ilé: ọbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sè é tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú iyán fún àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ iṣẹ́. Ìkòkò kejì ni ti baálé: ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́, láìsí irú, láìsí òkèlè. Ọmọ London ní ẹni tí òkèlè bá ń wù lè lọ kábééjì, kó rò ó lórí iná bí àmàlà. Ìyá Ìbejì ṣe é. Nígbà tí Bàbá Ìbejì tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí, ó wá béèrè pé, "Ìyá Ìbejì, èwo lọbẹ̀ nínú méjèèjì yìí?"

Oṣù kan ò tí ì pé, owó ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Owó tí ìyá yìí fi ń ra ata ló ti ń bọ́ sọ́wọ́ alápatà. Agbọ̀n ata mẹ́ta tó máa ń gbé wá sílé di méjì, méjì di ọ̀kan. Aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ kan wá sọ fún un wẹ́rẹ́ pé òun rí Bàbá Ìbejì ní búkà kan ní Ìjìgbò, níwájú iyán tó ga bí Olúmọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo àdúgbò ló gbọ́.

"Ṣé ẹ fẹ́ kú ni, Bàbá Ìbejì? Mo ń fi owó ọjà se ẹran fún yín, ẹ̀yin ń yọ́ lọ jẹ iyán!"

"Ikú wo ló tún ju kí ọmọ Èkìtì má jẹ uyán lọ? Ewé ni mò ń jẹ láti ọjọ́ yìí. Ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ ni?"

Bàbá Tíṣà, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló wá bá wọn pẹ̀tù sí i. Nígbà tó gbọ́ ohun tó fa ìjà, ó ní wọn ò nílò láti dé òkè òkun kí wọ́n tó rí ará ayé àtijọ́. Ihò Eléérú wà lẹ́bàá Ìsarun, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Lọ́dún 1965, Thurstan Shaw, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń wú ilẹ̀ láti wá ohun àtijọ́, gbẹ́ inú ihò náà, ó sì rí egungun èèyàn tó ti wà níbẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún lọ, pẹ̀lú àwọn òkúta kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ ṣe irinṣẹ́.

"Àwọn yẹn ò gun ọ̀kadà," Bàbá Tíṣà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá oúnjẹ látàárọ̀ dalẹ́. Bí wọn ò bá rí ẹran pa, ebi ni wọ́n á sùn. Bàbá Ìbejì, ìwọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹran ń wá bá ọ nínú abọ́. O ò tí ì jẹ oúnjẹ wọn, ẹran wọn nìkan lo jẹ."

Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ bàbá yìí. Lọ́dún 1982, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Kerin O'Dea kó àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà mẹ́wàá tí àtọ̀gbẹ ń bá jà padà sínú igbó àwọn baba wọn. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi dọdẹ, tí wọ́n pẹja, tí wọ́n wa gbòǹgbò. Nígbà tí wọ́n máa fi padà, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀ gan-an, oníkálukú sì ti fi nǹkan bíi kílò mẹ́jọ fúyẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú abọ́ nìkan ló ṣe é. Wọ́n rìn, wọ́n ṣiṣẹ́, oúnjẹ wọn ò sì pọ̀.

Bàbá Ìbejì gbọ́, ojú tì í. Ó búra pé òun ò ní fojú kan búkà mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lo oògùn rẹ̀ pé pérépéré, ó jẹ ẹyin kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ díẹ̀, ó sì forí lé ṣọ́ọ̀bù. Ẹni ń ronú pìwà dà, kí lèèyàn tún fẹ́?

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ayùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bò ó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara mọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rò pé ó ti mutí. Ọlọ́run ló ní kí ọ̀gbẹ́ni tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wà nítòsí, torí ìyá tirẹ̀ náà ní àtọ̀gbẹ. Bó ṣe rí i pé ọkùnrin náà ṣì lè gbé nǹkan mì, ó po ṣúgà sómi, ó fún un mu. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tó dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà, àgbàlagbà obìnrin ni. Ó gbọ́ ìtàn náà tán, ó mi orí.

"Bàbá, oògùn yín ń lé ṣúgà wálẹ̀. Ẹ gé oúnjẹ kúrò lójijì, oògùn ò gé tiẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kó lé?"

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo alátọ̀gbẹ so mọ́ etí aṣọ nìyẹn. Ẹni tó bá ń lo oògùn tàbí abẹ́rẹ́ ṣúgà kò gbọdọ̀ pa oúnjẹ dà láìsọ fún dókítà, kí wọ́n lè tún oògùn wò. Bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bo èèyàn, ohun dídùn ló yẹ kó kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀, bó bá ṣì lè gbé e mì. Bí kò bá mọ ibi tó wà mọ́, kí wọ́n má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e sáré lọ. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn náà ò gbọdọ̀ fi ẹran kún ẹran láìgbàṣẹ.

Dókítà tún oògùn Bàbá Ìbejì ṣe. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ọbẹ̀ wo lẹ máa ń sè nílé?"

"Ẹ̀fọ́ rírò ni, mà. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewúro, gbúre, ẹ̀gúsí. Nígbà òjò, wòròwó, olú àti ìgbín."

"Kí lẹ tún ń wá lọ sí London? Ìdajì ohun tí ọmọ yín kà ti wà nínú ìkòkò yín látọjọ́ tí wọ́n ti bí yín. Òkè iyán ló ga jù, ọbẹ̀ ló kéré jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ipò."

Ó mú abọ́ kan, ó fi ìka pín in sọ́nà mẹ́rin. Apá méjì, ẹ̀fọ́ ni. Apá kan, ẹja, ẹran tàbí ẹyin. Apá tó kù ni ti òkèlè. Ó ní kí Bàbá Ìbejì di ọwọ́ rẹ̀: bí ìkúùkù yẹn ṣe tó ni iyán rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó, kò gbọdọ̀ jù ú lọ. Ó ní ẹ̀bà, àmàlà, ìrẹsì, kódà wíìtì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí wọ́n ń tà lọ́wọ́n fún alátọ̀gbẹ, òṣùwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kì í tètè di ṣúgà bí iyán tó kúnná, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ òkè rẹ̀ náà á rí ṣúgà.

Ìyá Ìbejì béèrè nípa ẹ̀wà. Nọ́ọ̀sì ní kó máa sè é lọ. Ẹ̀wà kì í sáré gbé ṣúgà sókè, ó ń mú kí inú kún, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ẹran fún ẹni tówó rẹ̀ ò ká ẹran. Mọ́ínmọ́ín kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó ó jẹ lálẹ́. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó ya ìyá náà lẹ́nu: àkójọ àwọn ará òkè òkun yìí gba oyin láyè, ó lé ẹ̀wà jáde. Fún alátọ̀gbẹ, òdìkejì ẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Ṣúgà ni oyin, bó tiẹ̀ jẹ́ ọdẹ ló rí i nínú igbó.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Ìbejì ti da ìkòkò kejì dé. Ìkòkò kan ṣoṣo ló ń sè fún gbogbo ilé báyìí, bó sì ṣe ń sè é nìyí.

Ẹ̀fọ́ tó ń rà tẹ́lẹ̀, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, torí ẹ̀fọ́ kì í wọ́n bí ẹran, ewúro àti gbúre sì wà lẹ́yìnkùlé. Kì í bọ̀ ọ́ títí táá fi kú. Ó ń rẹ́ ẹ, ó ń da omi gbígbóná lé e lórí, ó ń sẹ́ ẹ. Á lọ ata, tòmátì àti àlùbọ́sà, á fi epo pupa ṣíbí ìjẹun mélòó kan dín in, kì í ṣe kí epo máa léfòó. Á da irú sí i dáadáa, torí bí irú bá pọ̀, iyọ̀ àti mágí á dín, ẹ̀jẹ̀ ríru sì fẹ́ràn láti máa bá àtọ̀gbẹ rìn. Á po ẹ̀gúsí lílọ̀ mọ́ omi ata díẹ̀, á máa já a sí i ní kókó-kókó, á dé e títí kókó náà fi máa ki. Ẹja gbígbẹ, ṣàwá tàbí pánla á wọ inú rẹ̀. Nígbà òjò, ìgbín àti olú. Ẹ̀fọ́ ló máa wọ̀ ọ́ kẹ́yìn, wọn ò sì ní pẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀.

Àwọn ọmọ ń fi iyán tó pọ̀ jẹ ẹ́, baálé ń fi ìkúùkù kan jẹ ẹ́. Ẹ̀fọ́ àti ẹja ló kọ́kọ́ máa ń jẹ, kó tó kan òkèlè, kí ṣúgà má bàa sáré gòkè. Láàárọ̀, dípò ògì àti búrẹ́dì, ẹyin méjì ni pẹ̀lú ìgbá sísè tí wọ́n gún mọ́ ata, àti iṣu sísè ègé kan. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀wà ni, láìsí gàrí lórí ẹ̀. Bí èso bá wù ú, á jẹ ọsàn kan, kò ní mu omi ọsàn inú páálí. Gbogbo ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó wà nínú ilé, ó ti di ti àlejò.

Owó ọjà ti padà sáyè rẹ̀, torí ìkòkò kan, iná kan, ẹran kan ni. Agbọ̀n ata ti di mẹ́ta padà. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ náà jiná pátápátá, àmọ́ ó gba oṣù mẹ́ta gbáko, pẹ̀lú wíwẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kó wá. Nígbà tó jiná ni nọ́ọ̀sì tó gbà á láyè kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, pẹ̀lú bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀, kí ìṣó mìíràn má bàa gún un. Ṣúgà àárọ̀ rẹ̀ kì í sábà ju 120 lọ mọ́. Àtọ̀gbẹ ò lọ o, ó wà níbẹ̀, ó jókòó. Oògùn náà ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run, wọ́n ti mọ̀ ọ́n nílé yẹn báyìí.

Ọmọ London pè lọ́jọ́ kan, ó béèrè bóyá páléò náà ń lọ. Ìyá rẹ̀ ní ó ń lọ, irú ti Adó ni wọ́n ń sè. Ó ní ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju pé ti Adó ní ẹ̀wà, ó ní irú, ó sì ní iyán díẹ̀.

Ní ti Bàbá Ìbejì, ìró odó ṣì ń dùn létí rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bó bá ti gbọ́ ọ lálẹ́, á di ọwọ́ rẹ̀ kan, á nà án sókè láti orí àga.

"Ìyá Ìbejì, ìkúùkù kan náà ni àbí?"

"Ìkúùkù kan ni, Bàbá Ìbejì."

"Ìkúùkù ta ni? Ṣé wọ́n sọ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ ti Gòláyátì?"